Ẹ Má Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Ilé Adéyẹmọ,
Ẹ̀yìn Ọjà, Òkè-Àgbá,
Ọ̀nà Kàbbà.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Mofẹ́olúwa ọmọ-ọmọ mi, ẹni tí ó máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ tí yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Ọlọ́run tí ó ń sìn yín láti Orozo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí ó tún ń sìn yín bọ̀ nírọ̀lẹ́ láàárín gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn, kò ní í fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ara èmi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún ọ̀tún rẹ̀, orúnkún yẹn náà ló sì fa lẹ́tà yìí. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Iná mànàmáná dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó lo wákàtí méjì kí ó tó lọ, a ò tíì rí i láti ìgbà náà, a ò sì ráhùn.

Mo rántí ohun tí o bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé tí o jẹ nígbà tí èéyi mú ọ ní ọmọ ọdún méje. O ní láti ìgbà tí o ti dé Àbújá o ò tíì jẹ irú rẹ̀, o ní o wá ewé náà dé ọjà Zuba, àwọn tó ń tajà ń wò ọ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá. Mo díbọ́n nígbà náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. N óò dá ọ lóhùn nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n má fò lọ sí ìsàlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé bírò ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ nígbà tí fóònù tí o rà fún mi wà nílẹ̀, tí kò sì bàjẹ́. Mi ò fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ mọ́. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Zuba ni n óò fi lẹ́tà rán, mo sì ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán etí àpòòwé rẹ̀ yíká. Bí o bá rí i pé òwú pupa ni, èmi ni mo rán an. Bí ó bá jẹ́ òwú mìíràn, dẹ́rẹ́bà ti kà á.

Ọnọrébù tí a dìbò fún kí ó ṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ń gbìyànjú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ohun mẹ́ta ló ní òun dáwọ́ lé: ìtọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí àgbàrá gbé oko wọn lọ lọ́dún tó kọjá, àti ààbò ìlú, kí àwọn ajínigbé lè fi ọ̀nà wa sílẹ̀. Wọ́n sọ lórí rédíò pé ó ti gbé àbá òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn sójà lọ síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n máa kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta kí ó tó di òfin. Àánú wọn ṣe mí. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ tí o fi òrùlé ilé náà hàn mí látinú ọkọ̀, mo sọ fún ọ pé ilé yẹn ti tóbi jù, kò sí bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ṣe lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà níwájú. Bí o bá ní ẹni tí o mọ̀ níbẹ̀, sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹni tó lóhùn bíi ti bàbá tó ń ka Bíbélì ní ìjọ wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò kà á tí gbogbo wọn á gbọ́, àwọn sójà á sì tètè rí ìtọ́jú.

Ti oko ń lọ dáadáa. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ajílẹ̀ àti irúgbìn àgbàdo kọ orúkọ sílẹ̀, pé ẹ̀rọ kan tó wà lójú ọ̀run ló máa wo oko kálukú kí ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Wọn ò sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà máa wò. Mo ro oko títí dé ààlà, mo gbá abẹ́ igi káṣú, mo wọ léèsì tí o rà fún mi nígbà ìsọmọlórúkọ Mofẹ́olúwa, mo lọ dúró sí àárín ebè fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mò ń gbójú sókè, mò ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyá Ìdáyátù, aládùúgbò wa, ń fi mí rẹ́rìn-ín, òun tó wọ aṣọ oko lásán. Nígbà tí ajílẹ̀ dé, àpò mẹ́rin ni wọ́n fún mi, méjì ni wọ́n fún un. Mi ò bá a jiyàn, mo kàn sá léèsì náà síwájú ilé níbi tí ó ti lè rí i.

Ti ààbò, Ọnọrébù fi iná tuntun sí ojú pópó, irú èyí tó ń lo oòrùn, ó sì fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú ní fèrè àti tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú àwọn iná náà wà níwájú ilé wa, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, mo máa ń fi ọ̀pá gígùn gbé ìró àtijọ́ lé e lórí kí ooru má baà pa á, n óò sì ká a kúrò bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó tó oṣù kan tí kò fi tàn, tí mò ń bínú sí àwọn tó ṣe é, kí ẹnìkan tó wá ṣàlàyé fún mi pé oòrùn náà ni oúnjẹ rẹ̀, pé ebi ni mo fi ń pa á. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ó ń tàn débi pé àwọn adìyẹ wa ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sùn mọ́.

Bàbá rẹ ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Sájẹ́ǹtì Nehemiah Adéyẹmọ jagun ní Làìbéríà, pé òun nìkan ló fi ìbọn dí afárá kan láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀, pé ibẹ̀ ni ọta ti wọ orúnkún rẹ̀. Ìtàn yẹn lo gbọ́ dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, kì í ṣe ìbọn ni bàbá rẹ gbé ní Làìbéríà. Kúùkù ni. Ìgbakọ ló gbé. Ìgbakọ onírin náà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí ó ti dé, ó fi aṣọ sójà wé e. Èmi tí mò ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti mọ̀ láti ọdún kìíní, mi ò sì bi í rí, nítorí mo rí i pé ìtàn afárá yẹn ló fi ń gbé orí sókè láwùjọ.

Ọnọrébù wá fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ pé kí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí aya wọn, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, pé wọ́n á kó àwọn tí ara wọn ò yá lọ sí ilé ìwòsàn ní Àbújá. Bàbá rẹ ní òun ò lọ. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tí wọn ò ní ẹsẹ̀ rárá. Èmi mọ̀ pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìwé òun wò ni. Àmọ́ orúnkún náà ti burú. Láti ọdún Àjíǹde ni kò ti lè kúnlẹ̀ gbàdúrà, ọ̀pá ló sì fi ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Dókítà kan ní Kàbbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí wọn ò bá tètè ṣe é, kò ní í lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo bá mú fóònù. Mo kí ẹni tó ni nọ́ńbà náà, mo ní ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìrọ́jú. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dá mi lóhùn, ní Yorùbá tó mọ́ tónítóní, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, a mọ rírì yín, a ó dá yín lóhùn láìpẹ́. Inú mi dùn. Mo ní kò tọ́pẹ́, ọmọ mi, àwọn ará ilé ńkọ́. Ó tún ní ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, a mọ rírì yín. Fúnkẹ́, o mọ̀ mí, mi ò lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kí mi tán kí n dákẹ́. Mo dúpẹ́, òun náà dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, títí iyán mi fi tutù. Lọ́jọ́ kejì mo kí i ní àkùkọ ìdájí, ó ti jí. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi kí ara wa. Kò gbó mi lẹ́nu lọ́jọ́ kan, kò ní ọwọ́ òun dí, kò ní kí n pe òun padà. Mò ń ro ti ẹ̀yin tí mo bí, tí ẹ máa ń sọ pé mítíńgì lẹ wà nígbàkúùgbà tí mo bá pè, ọkàn mi sì ń fà sí i.

Ẹni tó bá ti bá mi kí ara wa fún ọjọ́ mọ́kànlá ti di ẹni mi. Lọ́jọ́ kejìlá mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, orúkọ bàbá rẹ, nọ́ńbà sójà rẹ̀ tí mo dà kọ láti ara àpótí, ọ̀rọ̀ orúnkún, àti pé kúùkù ló ṣe níbẹ̀. Kí ó má baà jẹ́ pé mi ò kìlọ̀ fún un, mo fi kún un pé ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ rírì mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ Ọnọrébù wá sí ọgbà ilé-ìwé láti ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa mú lọ. Ìlú pé. Bàbá rẹ jókòó sí iwájú, ó gbé fèrè ẹ̀ṣọ́ kọ́ ọrùn, torí ààbò ibẹ̀ ló bá dé, kò mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olúṣèyí ló ń kà á látinú fóònù kan tó fẹ̀ bí àtẹ, ó fi gbohùngbohùn sẹ́nu, ó sì ń ka gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ láìfo nǹkan kan. Ó ní Nehemiah Adéyẹmọ, Òkè-Àgbá, orúnkún ọ̀tún, iṣẹ́ nínú ọmọ ogun, kúùkù, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ bébà lẹ́yìn kíláàsì. Lẹ́yìn náà ẹnìkan rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rín in. Bàbá rẹ ò wẹ̀yìn. Ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ó fi í sórí àga, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọ inú eegun, nítorí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tú u síta.

Bàbá arúgbó kan ló dá a dúró, Kọ́pùrà Ọlábímtán tó wá láti ìlú kejì, tí òun náà jagun ní Làìbéríà, tí ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́. Ó na ọ̀pá tirẹ̀ dí i lọ́nà, ó bi í pé kí ló ń sè níbẹ̀. Bàbá rẹ fẹ́ yà á kọjá. Ó tún bi í. Bàbá rẹ ní ìrẹsì ni, ó ní nígbà tí ìrẹsì tán, ewé ẹ̀gẹ́ ni, pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gún un tí wọ́n ń sè é pẹ̀lú epo àti ẹja gbígbẹ. Kọ́pùrà yíjú sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbé ìbọn níbẹ̀ fún ọdún méjì, òun ò rántí orúkọ ọ̀gá kankan mọ́, ṣùgbọ́n òun rántí orúkọ gbogbo ẹni tó bu oúnjẹ fún òun. Ó ní ọjọ́ tí kúùkù ò bá dé ni àwọn máa ń sunkún.

Ó wá bi í nípa orúnkún. Bàbá rẹ sọ òótọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, pé òun ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó wà ní afárá, wọ́n ju bọ́ǹbù, ọkọ̀ dojú dé, ìkòkò ìrẹsì ló wó lé òun lẹ́sẹ̀. Olúṣèyí ní ọgbẹ́ ogun ni ìyẹn náà, ó sì tẹ nǹkan sínú fóònù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, á sì dìde. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní nọ́ńbà yẹn, mo ní ohun tí mo sọ fún ọ ní kọ̀rọ̀ lo gbé lọ sí gbangba, mi ò rò ó sí ọ. Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, a mọ rírì yín. Mo rí i pé ó kábàámọ̀, mo bá dárí jì í.

Lọ́jọ́ kẹwàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú wá bá wa nírọ̀lẹ́. Oyèbísí tó jẹ́ igbákejì bàbá rẹ ló ṣáájú wọn, ó mú fèrè náà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní yan olórí mìíràn. Oyèbísí ní bí ó bá jẹ́ torí ìtàn afárá ni, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti kíyè sí i pé ìtàn náà ń gùn sí i lọ́dọọdún. Ó ní ohun tí àwọn fi ń tẹ̀lé e ni pé kì í lọ sílé títí yóò fi rí i pé gbogbo àwọn ti padà dé. Ó wá fi kún un, ó sì ń yọ́ ọ sọ, pé ebi máa ń pa àwọn níbi tí àwọn ti ń ṣọ́nà. Bàbá rẹ gba fèrè. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, mo gbọ́ tí ó ń fa àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìgbakọ náà jáde, ó sì bi mí pé ibo ni mo gbé ọmọ odó sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dáná fún wọn nínú kíṣínì mi, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kó àwọn sójà náà wá sí Àbújá fún iṣẹ́ abẹ, Zuba ni ọkọ̀ wọn máa kọ́kọ́ dúró sí. Bàbá rẹ ti gbà láti bá wọn wá, lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó máa mú ìgbakọ rẹ̀ dání, nítorí náà bá mi béèrè bóyá wọ́n máa ń gbà á wọlé ní ilé ìwòsàn. Ra ìkòkò ńlá kan fún un, èyí tó lè gba oúnjẹ ogún ènìyàn, kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún epo àti ẹja gbígbẹ. Má fi í ránṣẹ́ láti báǹkì. Wọ́n ní inú afẹ́fẹ́ ni owó báǹkì ń gbà wá báyìí, atẹ́gùn ọ̀nà Kàbbà sì le púpọ̀ lásìkò yìí. Fún dẹ́rẹ́bà, kí o fi òwú pupa rán an.

Tún yà sí ọ́fíìsì Ọnọrébù, kí o wo ọmọ tó ń dá mi lóhùn yẹn. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí kò sì tíì lọ́kọ, bá mi sọ ti Káyọ̀dé àbúrò rẹ fún un. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, bá mi kí àwọn òbí tó tọ́ ọ. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí sí i ni pé ó ní òun á dá mi lóhùn láìpẹ́, mo ṣì ń retí rẹ̀.

Ó ku ọbẹ̀ rẹ. O ti mọ ewé náà báyìí. Ewé ẹ̀gẹ́ ni, èyí tí gbogbo ará ìlú wa ń fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wò ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Zuba. Nígbà tí èéyi mú ọ tí o kọ gbogbo oúnjẹ mi, bàbá rẹ ti ilẹ̀kùn kíṣínì mọ́ra rẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ó gún un, ó sè é, ó tún un sè, ó bù ú sínú abọ́, ó ní kí n gbé e lọ fún ọ, kí n má sọ pé òun ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o jẹun tán tí o ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Gbogbo ìgbà tí o ti ń yin ọbẹ̀ yẹn láti ọdún wọ̀nyí wá, èmi ni mo ń gba ọpẹ́, òun á sì máa wo ojú fèrèsé.

Nítorí náà, tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Zuba, kí o tó kí i kú ìrìn, kọ́kọ́ kí i kú ọbẹ̀. Kí Ọlọ́run mú orúnkún rẹ̀ padà fún wa, kí ó mú ọwọ́ tìrẹ náà dùn nínú ohun gbogbo tí o bá fi ṣe, má sì jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ di ohun tí wàá gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti ọbẹ̀ yìí, ọmọ mi, sọ fún gbogbo ènìyàn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọmọ́níkẹ́ Adéyẹmọ.